Aṣọ Akọrin Méjìdínlógún Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Kí Wọ́n Tó Dé Àkúrẹ́

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé kan ni mo jáde nílé wa ní Ìkòsí, inú sì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn, nítorí àwọn tó máa ń ròyìn ìrìn àjò a máa sọ pé ayọ̀ ló gbé àwọn jáde. Èmi, ìbínú ló gbé mi jáde. Báàgì ọwọ́ kan ni mo gbé, omi ìgò kan, búrẹ́dì tí ọkọ mi bá mi fi bọ́tà sí, àti risíìtì kékeré kan tí wọ́n fún mi ní gáréèjì Ketu ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà.

Aṣọ akọrin ni mò ń rán. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, ṣùgbọ́n Ìkòsí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tí mò ń sọ yìí, káfé pọ̀ ní Ketu ju ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì lọ, àbúrò mi obìnrin sì ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán ọjà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ewé kan tí àwọn oníṣòwò àti oníbàárà ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni Àǹtí Bùkọ́lá, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin ní ìjọ kan l'Ákùúrẹ́, ti rí iṣẹ́ mi. Ó ní kí n rán aṣọ méjìdínlógún fún àwọn ọmọ òun, kí ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, kí kọ́là rẹ̀ funfun. Nítorí pé ìwọ̀n àwọn ọmọ náà ò dọ́gba, mo rán orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ inú ọrùn aṣọ tirẹ̀ kí wọ́n má baà jà sí i: Tóbi, Kẹ́mi, Ìníolúwa, títí dé orí ẹni kejìdínlógún. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì Gánà-mọ́ọ̀-gò, mo fi wébìlì ránṣẹ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, wébìlì ni ẹrù tó ń dá rìnrìn àjò láìsí ẹni tó ni ín: ẹ ó gbé e fún dẹ́rẹ́bà, ẹ ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára rẹ̀, ẹ ó wá máa fi àdúrà sìn ín lọ.

Aṣọ ò dé. Àǹtí Bùkọ́lá ní òun ò rí nǹkan kan gbà. Gáréèjì ní àwọn ti fi jíṣẹ́, wọ́n ṣí ìwé ńlá kan hàn mí, lóòótọ́ ẹnì kan ti sáìnì síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáìnì náà dà bí ibi tí adìyẹ ti ń tan ilẹ̀. Mo pe ọ̀gá gáréèjì títí, ohun kan náà ló ń sọ: "Madam, a ti dẹlífà." Mo pe Àǹtí Bùkọ́lá, ó ní, "Madam, ẹ má fi ọgbọ́n Èkó bá mi ṣeré." Ní ọjọ́ kẹwàá, ó lọ kọ ọ́ sórí ojú ewé náà pé olè ni mí. Ó kọ orúkọ mi, ó kọ nọ́ńbà mi, ó kọ òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, èèyàn mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ti fèsì sí i, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ mí rí. Ìjọ kan ní Mende tó ti ní kí n wá gba ìwọ̀n àwọn akọrin wọn pè mí, wọ́n ní àwọn ṣì ń gbàdúrà sí i. Àwa Kristẹni mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Sunday, ọjọ́ kejì Sátidé tí mò ń sọ yìí gan-an, ni àjọ̀dún àwọn ọmọdé wọn l'Ákùúrẹ́. Bí aṣọ ò bá dé ọrùn àwọn ọmọ yẹn nígbà náà, orúkọ mi ti bàjẹ́ tán, mo lè ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo sọ fún ọkọ mi pé dẹ́rẹ́bà tó gbé ẹrù lọ ló máa gbé èmi náà lọ, kí n lè rí ibi tó ń já ẹrù sí. Ó ní, "Ṣáà má nà án lójú ọ̀nà, òun ló ń wa mọ́tò." Ìmọ̀ràn tó dára ni, mo sì fẹ́ẹ̀ má tẹ̀ lé e.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìkòsí dé gáréèjì ní àádọ́ta náírà. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ láti òkè Ọya ṣì ń wọ Mile 12 lọ́wọ́, òórùn ata tútù gba gbogbo afẹ́fẹ́. Owó ọkọ̀ dé Àkúrẹ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà. Mo san án, mo bèèrè dẹ́rẹ́bà tó gbé ẹrù mi, Dáre, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára risíìtì, wọ́n fi ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí tó ń nu gíláàsì ọkọ̀. Bó ṣe rí risíìtì lọ́wọ́ mi ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Mummy, ẹ káàárọ̀, Ma. Iwájú ti kún o."

"Ta ló kún un?"

Ó wo àga iwájú, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, mo fi báàgì mi sórí itan. Mo ní, "Báàgì Gánà-mọ́ọ̀-gò aláwọ̀ búlúù kan, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Àkúrẹ́. Ṣé o rántí?" Ó ní ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ òun, Ma. Ó tan rédíò, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ìwàásù lórí òtítọ́ sísọ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó sì yára yí i sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ọ̀nà já geere títí a fi kọjá Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ lọ sí Ifẹ̀ ni kòtò wà, àwọn kan jìn débi pé dẹ́rẹ́bà tó mọ ọ̀nà á gba ojú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀, àwọn tó ń bọ̀ á sì gba inú koríko. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà nítorí rẹ̀, ohun tí ì bá di ìjà ńlá ní Ketu. Ní Ìkirè, àwọn obìnrin sáré bá ọkọ̀ pẹ̀lú dòdò tiwọn. Kì í ṣe dòdò tí àwa mọ̀ nílé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà kọjá pípọ́n ni, wọ́n gún ata mọ́ ọn, wọ́n din ín títí ó fi dúdú, wọ́n wá pọ́n ọn bí ẹni pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ogún náírà ni mo ra ẹyọ kan. Ó dùn, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí Dáre mọ̀ pé nǹkan kan dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ifẹ̀ la ti dúró jẹun, nǹkan bí aago mẹ́wàá. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jẹ iyán láàárọ̀ láìkọminú. Nílé wa ní Rẹ́mọ, ẹni tó bá jẹ ìkọ́kọrẹ́ kí oòrùn tó gòkè, wọn á bi í bóyá ó ń lọ roko ni. Mo bèèrè iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́, ọ̀ọ́dúnrún náírà. Bí mo ṣe fẹ́ sanwó, olóúnjẹ ní dẹ́rẹ́bà ti san án.

Ẹ̀yin ará, láti ọdún tí mo ti ń wọ ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà kankan ò ra oúnjẹ fún mi rí. Ìgbà yẹn ni ó dá mi lójú pé ọkùnrin yìí mọ ibi tí aṣọ mi wà. Mo ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dáre, níbo ni ẹrù mi wà?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun tán ná."

"Mi ò jẹ."

Ó jókòó, ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní alẹ́ ọjọ́ tí òun dé Àkúrẹ́, òun pe nọ́ńbà Àǹtí Bùkọ́lá, kò lọ. Wọn ò tanná fún wọn ládùúgbò, bóyá fóònù obìnrin náà ti kú ni. Òun ò lè fi ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì kí wọ́n má baà jí i. Òun gbé e padà sí ilé ìyá òun tó wà lójú ọ̀nà, lẹ́yìn Iléṣà, níbi tí òun máa ń sùn. Nígbà tó di ìdájí, wọ́n pe òun pé èrò Èkó ti kún ọkọ̀, òun sáré lọ, òun fi ẹrù sí pálọ̀, ó di ìgbà tí òun bá ń bọ̀.

"Ìyá rẹ wá ṣe kí ni?"

"Ó rí aṣọ akọrin nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní kí ló máa mú àgbàlagbà gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ìyá òun. Àwọn ọmọ ìlú wọn tó rí ṣe l'Ékòó máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìjọ nílé láìkọ orúkọ sí i, ọwọ́ òun sì ni wọ́n máa ń fi rán an. Òun ló gbé fáànù wọn wálé, òun ló gbé àga oníke wọn. Ìyá òun ò mọ̀wé kà, tó bá sì ti rí nǹkan ìjọ ní pálọ̀, kì í tún bèèrè. Kí òun tó padà dé láti Èkó, wọ́n ti yà á sí mímọ́, àwọn ọmọ ti wọ̀ ọ́ kọrin.

"Ta ló wá sáìnì nínú ìwé gáréèjì?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni, Ma. Ẹ̀rù bà mí."

Mo bá a sọ̀rọ̀ títí iyán fi le. Mo sọ ti ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, mo sọ ti Mende, mo sọ ti bí obìnrin tó ń ta òwú fún mi ṣe ń fi ojú kan wò mí. Ó kàn ń bẹ̀bẹ̀. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Mo fẹ́ bá ẹnì kan jà láti Ìkòsí, ẹni náà ò sì wá tó ẹni tí èèyàn ń bá jà.

Mi ò ní dárúkọ ìlú ìyá rẹ̀, nítorí wọ́n ṣe mí lálejò, àwọn mìíràn lára wọn sì mọ̀wé kà. Dáre sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú ilé wọn ní ọ̀sán, ó ní òun á gbé èrò dé Àkúrẹ́ kí òun tó padà wá gbé mi. Ìyá Dáre jáde wá, obìnrin kúkúrú tí irun rẹ̀ funfun báláú. Ilé ni wọ́n ń pè ní ulé níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní uṣẹ́, mo sì ní láti fetí sílẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ó mú mi lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìdánrawò ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Aṣọ mi, gbogbo rẹ̀, wà lọ́rùn àwọn ọmọ. Òmíràn gùn dé ilẹ̀, apá òmíràn kò dé ọrùn ọwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ń kọrin bí ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù ń wò. Kí n má purọ́, iṣẹ́ náà wù mí lójú. Mo tètè rántí pé olè ni wọ́n ń pè mí.

Pásítọ̀ wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé òpin. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Madam, ẹ dákun, ṣé ó dá yín lójú? Ẹnjiníà wa tó wà ní Ogudu l'Ékòó ló fi ránṣẹ́. A pè é láti dúpẹ́, ó sì gbà."

"Ó gbà báwo?"

"Ó ní ká má dárúkọ òun, pé Ọlọ́run ni ká fògo fún."

Mo pe ọmọdébìnrin kan súnmọ́ mi, mo yí ọrùn aṣọ rẹ̀ síta, mo fi orúkọ Kẹ́mi hàn Pásítọ̀. Mo ní orúkọ ọmọ Àkúrẹ́ tó ni aṣọ nìyẹn. Ojú Pásítọ̀ tàn, ó ní àwọn rí i, wọ́n wà nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ Ẹnjiníà tó fẹ́ ká máa gbàdúrà fún ni.

"Ọmọ méjìdínlógún?"

"A rò pé àwọn ọmọ ọmọ wà níbẹ̀. A ti gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún kọ lẹ́tà sí ilé rẹ̀, mo to orúkọ wọn sínú rẹ̀."

Mo ní kí ó pe Ẹnjiníà náà lójú mi. Ó pè é, ó tẹ ibi tí gbogbo wa á ti gbọ́. Ó ní, "Ẹnjiníà, ìyá kan wá láti Èkó, wọ́n ní àwọn ló ni aṣọ akọrin yẹn." Ohùn ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọlẹ̀, ó wá ń ráhùn nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé òun ò gbọ́ dáadáa. Bí a ṣe ń dúró ni obìnrin kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ káàsán, Sà. Ìyàwó rẹ̀ nìyí. Mo ti fẹ́ pè yín. Ta ni Ìníolúwa?"

Pásítọ̀ ní, "Háà, Mummy, ṣé ọmọ yín kọ́?"

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún ọkùnrin yìí. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé, kò sí àlàáfíà nílé yìí. Ẹ bá mi bi í, ìyá àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, níbo ló fi wọ́n sí?"

A gbọ́ ìró bíi pé wọ́n ń fa fóònù mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ohùn Ẹnjiníà padà dé, ó yára báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára: "Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́! Ẹ̀yin lẹ pè mí, ẹ̀yin lẹ ń dúpẹ́, ẹ̀yin lẹ ń súre. Kí ni kí n wí? Kí n ní mi ò gba ìre?"

Pásítọ̀ pa fóònù náà. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló ń ta mí lẹ́nu, mo sì gbé e mì nítorí ojú Pásítọ̀ tó ti wú bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Alàgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ohun tí wọ́n bá ti yà sí mímọ́ kì í tún jáde. Ìyá Dáre dìde. Ó lọ bá àwọn ọmọ, ó ń tú bọ́tìnnì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká aṣọ sórí apá rẹ̀. Ọmọdébìnrin tó wọ ti Kẹ́mi ló tú tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó bi mí pé ṣé Kẹ́mi ò ní aṣọ mìíràn ni. Mo ní ó ní. Ó ní òun náà ní, ó sì bọ́ ọ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí wọ inú egungun.

Wọ́n ti ká ìṣẹ́tí aṣọ Tóbi sókè kí ó lè ba ẹni tó wọ̀ ọ́ mu. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn Ìyá Dáre, mo tú u, mo fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe títí Dáre fi padà dé. Ìyá rẹ̀ jáde sí wa. Iṣu mẹ́ta ló gbé sínú ọkọ̀ fún mi, òun sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ láti dágbére.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la dé Àkúrẹ́. Àǹtí Bùkọ́lá kéré lójú ju ohùn rẹ̀ lọ. Ó ṣí báàgì, ó wo orúkọ inú ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. Ó ní ìjọ òun ti ń sọ pé òun ló kó owó aṣọ jẹ, pé wọ́n ti ní kí òun má kọ́ àwọn ọmọ mọ́ lẹ́yìn àjọ̀dún. Mi ò tilẹ̀ ronú rẹ̀ rí pé ẹnì kan ń pe òun náà lólè. Mo fà á dìde. Ní alẹ́ yẹn kan náà ó lọ sí káfé, ó kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ilé rẹ̀ ni mo sùn sí, mo bá wọn ṣe àjọ̀dún, àwọn ọmọ kọrin, aṣọ ba olúkúlùkù mu.

Mo padà dé Ketu lọ́jọ́ Ajé, iṣu wà lọ́wọ́ kan, ẹsẹ̀ mi ti wú. Mi ò tilẹ̀ kọ́kọ́ délé. Mo yà sí káfé, mo san ọgọ́rùn-ún náírà fún wákàtí kan kí n lè wo bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ mí. Èèyàn mẹ́rin péré ló ti fèsì sí àforíjì Àǹtí Bùkọ́lá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Èló ni obìnrin yẹn fún ẹ kí o tó kọ èyí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ lórí ojú ewé náà, mò ń wá àwọn tó mọ èèyàn bú láìmọ nǹkan kan, kí n lè dárúkọ wọn fún ọkọ mi. Mo kà dé ibi tí wọ́n ti kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó ń ta bàtà ní Ìbàdàn, ní ọdún tó kọjá. Ẹnì kan ní bàtà òun ò dé. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ ọ́: "Ẹ má bá a rajà mọ́. Olè ni, ó hàn lójú rẹ̀." Mi ò rántí pé mo kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá bóyá ó tún ta nǹkan kan níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò rí i.

Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo bọ́ síta káfé, mo pè é. Ó gbé e. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo ní mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú kan nípa rẹ̀ ní èṣí, mo sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Bàtà yẹn, ṣé ẹ̀yin ló sọnù mọ́ lọ́wọ́ ni?"

Mo ní rárá, èmi kọ́ ni mo rà á.

Ó ní, "Ma, kí ló wá kàn yín níbẹ̀?"

Kò pariwo, kò bú mi, ó ń dúró kí n dá òun lóhùn ni. Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà Ìkòsí pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, mò ń wá ohun tí mo máa sọ fún un, títí owó fi tán lórí fóònù mi.